Ọmọlangidi inú Apẹ̀rẹ̀ Àgékù Aṣọ

"Àwọn wo ló wà nínú iyàrá wa?"

Bàbá Bọ́tìnì ló béèrè. Ó lóṣòó síwájú ọmọbìnrin rẹ̀, ìyẹ̀fun ilé búrẹ́dì ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, oorun sì ti ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, nítorí láti àná ló ti ń po ìyẹ̀fun níbi iṣẹ́, àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó bu inú búrẹ́dì níbi tó ti rọ̀ jù, ó mú un dání, ó gbé e jìnnà díẹ̀ sí ẹnu ọmọ.

"Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Màmá. Bọ́tìnì."

"Ta tún ni?"

"Kò sí."

"Kí ló wà nínú ikùn màmá?"

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Bọ́tìnì wo ikùn ìyá rẹ̀. Ikùn náà ti yọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí àlejò kí ẹni tó ni ín tó kí i. Ó wo búrẹ́dì. Ó tún wo ikùn.

"Ìrẹsì," ló wí. "Ìrẹsì púpọ̀."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fi búrẹ́dì sí i lẹ́nu, ó ní ọmọ òun gbọ́n, kò sí adájọ́ tó lè gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Bọ́tìnì kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lé orí àpótí, ó ń fi tíì tí kò ní mílíìkì gbé búrẹ́dì tó jóná létí mì, irú èyí tí wọ́n kì í rí tà, tí wọ́n máa ń kó fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè fi gbàgbé owó oṣù.

Òní ni Bàbá Onílé ń bọ̀ wá ka orí.

Lọ́dọọdún ló máa ń ṣe é. Yóò gba ẹnu géètì wọlé, yóò máa wọ iyàrá kọ̀ọ̀kan tó yí àgbàlá náà ká, yóò máa wo ògiri, yóò máa wo àjà, yóò máa wo ènìyàn, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Òfin rẹ̀ kò ṣòro há sórí: iyàrá kan, ọkọ kan, ìyàwó kan, ọmọ kan. Ẹni tó bá bí ìkejì, kó yára wá ibòmíràn lọ. Ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ ní ń fi ọwọ́ ìdọ̀tí kun ògiri, àwọn ní ń jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tán, àwọn ní ń jẹ́ kí ṣalángá tètè kún. Ẹ ò ní gbọ́ kó sọ pé àgbàlagbà náà ń lọ sí ṣalángá. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lódìkejì títì, iyàrá tí eku nìkan ń sùn sí níbẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí ènìyàn ń sùn sí lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ṣáájú wa wí. Àgbà tiwa yìí ló ni ọjà, ó sì ti kìlọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé orí ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀, ì báà wọ́, ì báà tọ́.

Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, à bá ní ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn onílé yòókù ládùúgbò ti kọ́ ọ lára rẹ̀. Gbogbo ibi tí Bàbá Bọ́tìnì ti wá iyàrá dé, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n ń béèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ṣì ń bímọ.

Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyún pamọ́ bí ẹni fi ẹrù olè pamọ́. A kì í fi aṣọ di èéfín, ṣùgbọ́n aránṣọ ni Ìyá Bọ́tìnì, ó sì ti gbìyànjú. Òun tó máa ń rán aṣọ tó ń fi ìbàdí oníbàárà hàn, ó wá rán ọ̀kan fún ara rẹ̀ tó fẹ̀ láti èjìká títí dé ilẹ̀, kò ní ẹ̀yìn, kò ní iwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á ti wà lẹ́yìn maṣíìnì rẹ̀, òkìtì yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé á ti wà lórí itan rẹ̀ títí dé àyà. Bó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, á di aṣọ díẹ̀ rù bí ẹni tó fẹ́ lọ jíṣẹ́ fún oníbàárà. Àwọn aṣọ ọmọ tuntun tó fi àgékù rán, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀wù pélébé-pélébé, inú ìrọ̀rí ló kó gbogbo rẹ̀ sí, ó sì rán ẹnu ìrọ̀rí náà pa. Òun ni ọkọ ń gbé orí lé sùn.

Níwájú tíì tó ti ń tutù ni ìjà àárọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ le, nítorí ó ti rẹ àwọn méjèèjì ju kí ìjà le lọ. Ọkọ ló tún gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jáde, èyí tó ń gbé ìlú kejì. Ó ní kí wọ́n má tan ara wọn jẹ, oyún ṣeé fi pamọ́ títí dé ààyè kan, igbe ọmọ kò ṣeé fi pamọ́. Ó ní ọmọ kan ni Bàbá Onílé gbà, ọmọ kan náà ni kí wọ́n jẹ́ kó rí. Bọ́tìnì ti já lẹ́nu ọmú, ó ti ń dá rìn, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, wọ́n á máa lọ wò ó, ọdún kan, ọdún méjì, títí wọ́n á fi rí iyàrá tó gba ènìyàn. Ó ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń wo inú ife tíì rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ọmọ tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ṣé kí n kọ́kọ́ lé e kúrò nílé kí àbúrò rẹ̀ tó dé?"

Ọkọ gbé ife sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi orí lé ìrọ̀rí tó kún fún fìlà ọmọ tuntun, oorun sì gbé e lọ. Ìyàwó ní tirẹ̀ kó ife, ó gbá èérún búrẹ́dì jọ, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò parí. Bó bá di pé Bàbá Onílé rí ikùn òun lónìí, Bọ́tìnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọlangidi. Ó ní ọmọ tó ti jẹ́ ọba nílé, bí wọ́n bá ṣàdédé gbé ọba mìíràn wọlé tọ̀ ọ́, á fi eyín gé e jẹ. Ẹ rán ọmọ aṣọ fún un, ni nọ́ọ̀sì wí, kó máa pọ̀n ọ́n, kó máa gbá a mọ́ra, kó máa rẹ̀ ẹ́ bó bá ń sunkún, kí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn kí àbúrò tó dé. Inú Ìyá Bọ́tìnì dùn sí ìmọ̀ràn yìí, nítorí nínú gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ní kó lọ wá, èyí nìkan ni kò ní í lọ sọ́jà fún. Ó fi àgékù yunifọ́ọ̀mù rán ọmọlangidi kan, ó ti òwú sí i nínú, ó rán ojú àti ẹnu sí i. Bọ́tìnì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń gbé e sùn, ó ń fi ṣíbí òfìfo fún un lóúnjẹ, ó ń bá a wí pé kó má ju bọ́tìnì sẹ́nu, nítorí òun náà ló ń ju bọ́tìnì sẹ́nu tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ràn nǹkan kì í fi bò. Lọ́jọ́ kan ló gbé ọmọlangidi lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó ń kígbe fún gbogbo ẹni tó wá pọnmi pé ọmọ àwọn rèé, ọmọ àwọn ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ló sáré gbé e wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti yí padà. Bàbá ló dá eré kan sílẹ̀: bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ọmọlangidi á wọ inú apẹ̀rẹ̀ àgékù aṣọ, a ó fi aṣọ bò ó. Bó bá sunkún, a ó ní "dákẹ́, dákẹ́," a ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa á jẹ inú búrẹ́dì. Bọ́tìnì ṣe é dáadáa. Ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì tó jóná létí lójoojúmọ́, kí ni kò ní í ṣe nítorí inú búrẹ́dì?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá rẹ̀ rí i, kò sọ nǹkan kan. Ó rò pé eré ni.

Nígbà tí oòrùn òní mú, Onídìrí wọlé láti iyàrá kejì. Ògiri tó wà láàárín iyàrá wọn tín-ín-rín débi pé bí Bàbá Bọ́tìnì bá sín, Onídìrí á kí i láti ọ̀hún. Kò lọ́kọ, kò bímọ, irun orí gbogbo àdúgbò ló ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí gbogbo àdúgbò náà sì ń tẹ̀lé irun. Ó wá yá sísọ́ọ̀sì, ó ní. Ó jókòó láìgba sísọ́ọ̀sì.

Ó ní Bàbá Onílé ti wà ní iyàrá àwọn ará iwájú, ó ń fi ìka kan ògiri. Ó tún ìtàn ìyàwó káfíńtà sọ, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ti gbàgbé rẹ̀: obìnrin tó ní òun fẹ́ bí ọ̀kan kí òun fi bẹ Bàbá Onílé, tó lọ bí ìbejì. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kan àwọn ibùsùn tó wà nínú ilé yìí, níta ni òun àti ìbejì sùn lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ jáde, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa, ni Onídìrí wí, kò sí ẹnì kankan tó ní kó wá fi ẹ̀yìn lé ibùsùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Òun náà wà nílé lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ló wo òkìtì yunifọ́ọ̀mù tó wà lórí itan Ìyá Bọ́tìnì, ó wò ó pẹ́. Ó ní ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì dára, ṣùgbọ́n kéèyàn ṣọ́ra, ìwúkàrà máa ń ran ìyàwó, àwọn kan ti ń wú nínú ilé yìí láìwọ ààrò. Ìyá Bọ́tìnì ń tẹ maṣíìnì lọ. Ó ní ooru ló ń mú òun wú. Onídìrí ní bẹ́ẹ̀ ni, ooru àkókò yìí burú, ooru tó ń ta ènìyàn nípàá láti inú. Ó dìde. Ó ní kí ẹ̀rù má bà á o, láti ìgbà tí òun ti ń fi ojú wá iná inú irun oníbàárà ni ojú ti ń dun òun, òun kì í rí nǹkan kan mọ́.

Ó lọ tán kí Ìyá Bọ́tìnì tó lè mí. Kò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ló wá bá òun sọ̀rọ̀ ni àbí ẹni tó wá wo ibi tó máa fi ibùsùn tirẹ̀ sí bí iyàrá náà bá ṣófo. Ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń sọ èèyàn dà nìyẹn. Ó gbé ìrẹsì kaná, ó bù fún Bọ́tìnì, òun jẹ èyí tó kù nídìí ìkòkò lórí ìdúró, nítorí bó bá tún jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín iṣẹ́, kò dá a lójú pé òun á lè dìde. Yunifọ́ọ̀mù ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ yí, ó ti ẹsẹ̀ mọ́ egungun ìhà rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, bí ẹni tó ń wá àyè.

Ìgbà tí òjìji ògiri ti bo àgbàlá dé àárín ni wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Gbogbo nǹkan lọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọkọ fò sókè lórí ibùsùn, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ìyàwó fa òkìtì aṣọ mọ́ra dé àyà. Bọ́tìnì tó ń bá ọmọlangidi sọ̀rọ̀ lábẹ́ tábìlì gbé e, ó sáré lọ sí ìdí apẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko bí ojú ọlọ́pàá.

Bàbá Onílé kì í ṣe ènìyàn tó ń pariwo. Arúgbó onírẹ̀lẹ̀ ohùn ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀. Ó kí ọkọ, ó béèrè iṣẹ́, ó gba ìjókòó létí ibùsùn. Ìyá Bọ́tìnì kí i láti ìdí maṣíìnì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé òun kò dìde, abẹ́rẹ́ wà lórí aṣọ, ọ̀la ni iléèwé máa gbà á. Bàbá Onílé ní kò burú, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ó wò ó bí àgbà ṣe ń wo ọmọ tó jókòó kí i, ìtìjú ìwò náà sì dun obìnrin náà ju ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lọ.

Ó wo àjà. Ó wo ògiri, ó rí ibi tí ọmọ ti fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ya nǹkan sí, ó mi orí. Ó wá kọjú sí Bọ́tìnì, tó ti na gbogbo ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé orí apẹ̀rẹ̀ àgékù aṣọ. Ó yọ súìtì lápò, nítorí ó ní àwọn ọmọ-ọmọ tirẹ̀ náà, súìtì kì í sì wọ́n lápò rẹ̀.

Ó bi í pé àwọn wo ló wà nínú iyàrá yìí. Ọmọ náà dá a lóhùn bí ẹni ka àkọ́sórí: bàbá, màmá, Bọ́tìnì. Ó bi í pé ta tún ni. Kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló wá wà nínú apẹ̀rẹ̀ tó ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe ọmọ ló fi síbẹ̀.

"Kò sí ọmọ," ni Bọ́tìnì wí. "Ó ti dákẹ́."

Àgbàlagbà náà tún rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní ọmọ dáadáa ni, irú ọmọ tó yẹ ilé rèé. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó gbọ́. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó dìde, ó sọ fún ọkọ pé ní ti iyàrá yìí, òun kò ní ẹ̀sùn. Ó jáde. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn Onídìrí.

Ọkọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde. Omi wá sójú rẹ̀. Wọ́n ti bọ́, wọ́n ti bọ́ fún odindi ọdún kan. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú búrẹ́dì jáde, ó ń wá ibi tó rọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Bọ́tìnì," ni ìyá rẹ̀ pè, jẹ́jẹ́. "Dìde níbẹ̀."

Ọmọ náà dìde. Àgékù aṣọ ló wà lókè, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lábẹ́ rẹ̀, aṣọ mìíràn. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọmọlangidi wà, ó dojú bolẹ̀, ó ti pẹlẹbẹ. Ó yí i padà. Àgékù aṣọ kan wà tí Bọ́tìnì fi òwú rírán dì mọ́ ọn lẹ́nu, ó yí i ká ẹnu àti ọrùn lọ́pọ̀ ìgbà, ó fà á le débi pé ọrùn ọmọlangidi náà ti di òwú tín-ín-rín, orí rẹ̀ ń fì.

"Kò sunkún," ni Bọ́tìnì wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Mo sùn lé e. Ó dákẹ́."

Ó sì kọjú sí bàbá rẹ̀, ó ya ẹnu sílẹ̀ fún búrẹ́dì.

Ọwọ́ ọkọ dúró lókè. Láti ọ̀hún ògiri ni ohùn Bàbá Onílé ti ń wọlé, ó ń bi Onídìrí léèrè nípa àjà. Tọkọtaya wo ara wọn. Wọn ò tíì wo ara wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí oyún ti dé. Ọmọ ṣì ya ẹnu sílẹ̀ ní àárín wọn, ó ń dúró.

Ìyá Bọ́tìnì dìde. Yunifọ́ọ̀mù dà sílẹ̀ láti itan rẹ̀. Ọkọ rí ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, ó pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn ará ilé wà ní àgbàlá. Ẹni tó ń fọ aṣọ ń fọ̀, ẹni tó ń pọnmi ń pọn. Bàbá Onílé ń jáde bọ̀ láti iyàrá Onídìrí. Ìyá Bọ́tìnì dúró sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó ju ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ẹ̀wù ńlá náà mú lẹ́yìn, ó fún un mọ́ ara rẹ̀, bó ti máa ń di ẹ̀wù oníbàárà mú níwájú dígí kó lè mọ ibi tó yẹ kó rán sí. Ikùn náà jáde síta gbangba.

"Bàbá," ló wí, "ẹ ṣì orí kà ní iyàrá wa."

Àgbàlagbà náà wo ikùn. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Ẹni tó ń fọ aṣọ dáwọ́ dúró. Onídìrí wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo èékánná ara rẹ̀.

Bàbá Onílé kò pariwo síbẹ̀. Ó ní wọ́n purọ́ fún òun, nínú ilé òun, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ kékeré purọ́ fún òun. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n purọ́, àwọn ló kọ́ ọmọ, ohun tí ọmọ kọ́ ló sì mú òun jáde yìí. Ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ ilé lọ́wọ́ rẹ̀ o. Òun kàn fẹ́ kó mọ iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ ni.

Bàbá Onílé mí kanlẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ìkà. Kí wọ́n lo oṣù yìí tán. Tàbí kẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ràn iyàrá náà, òfin kò yí padà, ọmọ kan ni. Kí wọ́n mú ọ̀kan lọ fún ẹbí. Àwọn ni wọ́n mọ èyí tí wọ́n máa mú.

"Bàbá," ni Ìyá Bọ́tìnì wí, "nínú àwọn ọmọ tiyín, èwo lẹ mú, èwo lẹ fi sílẹ̀?"

Ẹ̀rọ omi ń kán sínú korobá tó ti kún. Kò sí ẹni tó tì í. Àgbàlagbà náà yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn náà bí ẹni yà fún ẹrù, ó rìn lọ sí ẹnu géètì, orúnkún rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ibẹ̀ ló ti yíjú padà.

"Òpin oṣù," ló wí, ó sì jáde.

Nígbà tí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìnnà, ìgbà náà ni Onídìrí wá sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bá òpó ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tó ń fọ aṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀.

Nínú iyàrá, ọkọ jókòó sórí ibùsùn, búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó ní ìyàwó òun ti pa àwọn. Ó ní ewu ti kọjá lórí àwọn kó tó lọ gbé e padà wá, òun kò rí irú èyí rí, ẹni tó yege ìdánwò tó lọ bá olùkọ́ pé òun jí i wò ni. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ láìgbé ohùn sókè. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọlangidi lé e lórí itan, ó padà sídìí maṣíìnì, ó mú sísọ́ọ̀sì. Ọkọ wo orí tó ń fì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú kúrò lẹ́nu rẹ̀, ìka rẹ̀ nípọn jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òwú ń kọ́ ara, ó ń tú u lọ. Nígbà tó tú u tán, kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Ìyá Bọ́tìnì la ẹnu ìrọ̀rí. Ó kó àwọn aṣọ pélébé-pélébé náà jáde, wọ́n ti ń rùn bí orí ọkọ rẹ̀, bí ìyẹ̀fun àti òógùn. Ó bomi sí wọn, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sórí okùn àgbàlá níbi tí kò sí ẹni tí kò ní í rí wọn. Kò rò pé ìyẹn yóò fún wọn ní iyàrá. Wọ́n ṣì máa wá iyàrá, wọ́n á máa bi wọ́n bóyá ìyàwó ṣì ń bímọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á túbọ̀ máa wú. Ó kàn fẹ́ kí aṣọ ọmọ rẹ̀ gbẹ nínú afẹ́fẹ́ ni.

Ó rán ọrùn ọmọlangidi padà. Ó wá pe Bọ́tìnì, ó gbé e fún un.

"Ó ń sunkún," ló wí. "Kí la máa ṣe fún un?"

Ọwọ́ ọmọ náà ti lọ sí ẹnu ọmọlangidi. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú.

"Rárá. Jẹ́ kó sunkún."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Bọ́tìnì. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ògiri Onídìrí, ó wo bàbá rẹ̀ bóyá eré ti yí padà. Bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ọmọ náà gbé ọmọlangidi sókè, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sunkún fún un, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń jalè: "Ìngà." Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Ó tún un ṣe, ó ga díẹ̀ sí i. "Ìngà. Ìngà."

Bàbá rẹ̀ ti gbé ìka lọ sí ètè, ìka tó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó rí ìka náà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó bu inú búrẹ́dì níbi tó rọ̀ jù, ó fi sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Bọ́tìnì jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì fi gbogbo agbára ké.